Ìdì Tó Le Jù

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ ni mo ra ìwé yìí fún, ẹ̀rù ni mo sì kọ́kọ́ ń kọ sínú rẹ̀. Mẹ́tírónì pè mí sí ọ́fíìsì láàárọ̀, ó na lẹ́tà kan sí mi. Ìjọba ní ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ olórí yàrá tí wọ́n ti ń se irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí kí oṣù karùn-ún tó tán. Ẹni tí kò bá ní in, kó lọ máa ká aṣọ ibùsùn ní ilé ìfọṣọ.

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ kọ́ gbogbo wọn níṣẹ́," Mẹ́tírónì wí. "Ṣùgbọ́n ìwé ni wọ́n ń bèèrè, wọn ò bèèrè ọwọ́."

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti wà nídìí Ìkòkò, ẹ̀rọ ńlá tó ń fi ooru omi pa kòkòrò ara irinṣẹ́. Ìdì irinṣẹ́ tí mo ti fi aṣọ wé, tí mo sì ti sè nínú rẹ̀, ò lóǹkà. Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn títí dé yàrá iṣẹ́ abẹ, Àǹtí Dì-í-le ni wọ́n ń pè mí, torí pé ìdì tèmi kì í tú lọ́nà. Mo wá pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta tán, wọ́n ní kí n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwé. Mo ní mo gbọ́, mà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo sọ ọ́ nílé. Ìyá ọkọ mi gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

"Ilé ìwé kẹ̀, ìyàwó? Ìwọ tó jẹ́ pé èmi arúgbó ni mò ń bá ọ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́?"

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í fi pákó sọ. "Ẹ fi í sílẹ̀, Ìyá. Pákó tó ti gbó ló ń gba fáníṣì jù."

Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí oúnjẹ fi tán, mo sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá ẹ̀rù ń bà mí, èmi náà ò sì sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Àwa méjìlá la wà ní kíláàsì. Olùkọ́ wa kéré sí àkọ́bí mi. Mo ní ẹ káàárọ̀ mà, òun náà ní ẹ káàárọ̀ mà, a kí ara wa títí ojú fi ń ti àwa méjèèjì. Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ àti àárọ̀ Àbámẹ́ta la ó máa wá. Ẹ̀dà ìwé kíkà náà wọ́n ju bàtà ẹsẹ̀ mi lọ.

Mo ka ojú ewé kan lẹ́ẹ̀mẹrin, kò wọlé. Ẹnìkan lẹ́yìn mi ti ń ṣí ìkẹfà. Bóyá ọpọlọ ni, bóyá ìbẹ̀rù ni, mi ò mọ èyí tó di ojú ọ̀nà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo ti rí ibi ìkàwé: ẹ̀gbẹ́ Ìkòkò. Ìsè kan, ogójì ìṣẹ́jú. Òógùn ń kán sórí ìwé, ṣùgbọ́n orí kìíní ti wọlé. Mo lè kà á lórí láìwòwé!

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ìrẹsì jóná torí pé mo ń ka orí kẹta nídìí iná. Ìyá jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ìyá tí kì í dákẹ́ bí iyọ̀ bá fi ẹyọ kan pọ̀ jù! Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àánú mi ló ń ṣe é, ìyẹn sì burú ju èébú lọ.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ọkọ mi gbé ilẹ̀kùn kan ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ lójijì, òógùn bò ó. Ọdún kẹta rèé tó ti ní ìpá tó ń fi pa mọ́. "Nǹkan yẹn" ló ń pè é. Mo fà á lọ bá dókítà oníṣẹ́ abẹ wa. Dókítà ní kò tún gbọdọ̀ dúró mọ́, ó mú ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin fún iṣẹ́ abẹ rẹ̀. Ó ní bó bá fẹ́ ilé ìwòsàn tó tóbi ju tiwa lọ, òun lè kọ lẹ́tà fún un.

"Kí n lọ síbo?" ọkọ mi wí. "Ìyàwó mi ló ń di irinṣẹ́ yín. Bí kò bá jẹ́ níbí, ẹ jẹ́ kí èmi àti nǹkan yẹn máa bá ara wa gbé."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Orí mi wú. Mo dúró níbẹ̀, mò ń tún kọ́là aṣọ iṣẹ́ mi ṣe.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Mi ò mọ bí màá ṣe kọ èyí.

Olùkọ́ gbé ìdì kan wá sí kíláàsì. Tépù tó wà lára rẹ̀ ti yọ ìlà dúdú, bí tiwa ṣe máa ń yọ ọ́ bó bá jáde nínú Ìkòkò. Ó bi wá bóyá ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Gbogbo wa ní ó mọ́. Ohùn tèmi ló lọ sókè jù.

"Ẹ ò lè mọ̀," ló wí. "Tépù ìta ò rí inú. Ohun tó ń sọ fún yín ò ju pé ìdì yìí ti wọ inú ẹ̀rọ rí."

Ó wá mú ìwé pélébé kan jáde, funfun, kò gùn ju ìka lọ. Ẹlẹ́rìí inú ni wọ́n ń pè é. Àárín ìdì gan-an ni wọ́n ń fi í sí. Bí ooru omi bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò dúdú látòkè délẹ̀. Bí kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, funfun ni yóò wà. Mi ò rí irú rẹ̀ rí láyé mi. Kò sẹ́ni tó rà á fún wa rí.

Mo nawọ́. Mo bi í pé kí ló lè dá ooru omi dúró lọ́nà.

"Nǹkan pọ̀, mà. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí ìdì le jù. Ẹ gbọ́dọ̀ lè ki ìka méjì bọ abẹ́ ìdè rẹ̀. Bí ìka ò bá ráyè, ooru omi náà ò ráyè."

Mo wo ìka mi méjèèjì lórí tábìlì. Ìdì tèmi, ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ò ráyè wọ abẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Oúnjẹ ò lọ.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ti fẹ̀yìn tì, ó ti lọ sílé rẹ̀. Òun ló ní ìdì tó bá tú lọ́nà, kòkòrò ti wọ̀ ọ́, kí n máa fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ kí n tó so ó. Èmi náà kọ́ àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo kọ́ igbákejì mi, Kò-sí-wàhálà, tó ń bá mi pín iṣẹ́ àárọ̀ àti ọ̀sán.

Mò ń rántí obìnrin orí ibùsùn keje lọ́dún tó kọjá, tí egbò iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kọ̀ tí kò san. Dókítà da oríṣiríṣi oògùn lé e lórí kó tó jinná. Wọ́n ní ṣúgà ara rẹ̀ ló fà á. Ó lè jẹ́ ṣúgà lóòótọ́. Ọlọ́run mi, jẹ́ kó jẹ́ ṣúgà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Olùkọ́ ti fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní ẹlẹ́rìí méjì ká fi dánra wò. Mo dúró kí Kò-sí-wàhálà lọ jẹun. Mo to ẹ̀mú, abẹ àti àlùmọ́gàjí, mo fi ẹlẹ́rìí kan sáàárín wọn, mo wé aṣọ rẹ̀, mo fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń ṣe lójoojúmọ́, mo so ó. Mo tì í bọ inú Ìkòkò pẹ̀lú àwọn yòókù. Ogójì ìṣẹ́jú yìí, mi ò ṣí ìwé kankan.

Ó jáde. Tépù ìta yọ gbogbo ìlà rẹ̀ dúdú kirikiri, ó lẹ́wà. Mo tú u. Ṣóńṣó ẹlẹ́rìí náà dúdú díẹ̀. Ìyókù rẹ̀ funfun bí eyín ọmọdé.

Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé yìí. Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Mo ti ṣí ojú ewé àná wò lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò dúdú sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo dúró de Olùkọ́ lẹ́yìn kíláàsì. Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ní ilé ìwòsàn mìíràn ló rí irú nǹkan báyìí, pé kí ni kó ṣe. Ó wò mí lójú. Ẹni tó bá fẹ́ purọ́ fún olùkọ́, kó má fi "ọ̀rẹ́ mi kan" bẹ̀rẹ̀.

"Kí ọ̀rẹ́ yín sọ fún ọ̀gá rẹ̀, mà. Kó má jẹ́ kó dọ̀la."

"Ṣé wọ́n á ṣì fún un ní ìwé ẹ̀rí?"

"Mi ò mọ̀, mà. Èyí tí mo mọ̀ ni pé bí ẹlòmíràn bá rí i kó tó sọ ọ́, wọn ò ní fún un."

Mo ní màá jẹ́ iṣẹ́ náà fún un. Nínú ọkọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò: ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún ni ìdánwò. Bí mo bá dákẹ́ títí ìwé ẹ̀rí fi dé, màá lè yí gbogbo bí a ṣe ń dì í padà, kò ní sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo mọ̀ pé ara mi ni mò ń tàn. Mo ṣáà ń ṣírò rẹ̀ lọ títí mo fi kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀kalẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń dẹ ìdì, díẹ̀díẹ̀, kó má bàa hàn. Ó hàn. Nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ yọrí sí mi. "Àǹtí Dì-í-le, ṣé ara yín le ṣá? Ìdì yín ti ń rìn bí ọ̀mùtí."

Mo rẹ́rìn-ín. Lọ́sàn-án, nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo padà wá mú awò ojú mi. Mo bá Kò-sí-wàhálà nídìí tábìlì, ó ti kó gbogbo ìdì tí mo dẹ̀ jọ, ó ń fi orúnkún tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mo ní kí n bá yín dì wọ́n le, Àǹtí. Ìwé kíkà ti fẹ́ pa yín. Kò sí wàhálà."

Ó tẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbà mí o, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀!

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà

Mo gbé oúnjẹ lọ fún ọkọ mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò yẹ kó ṣiṣẹ́ lónìí, ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ to pákó tuntun kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Kò lè gbé e, ó kàn ń tọ́ka, àwọn tó wá já pákó ń tò ó. Láàárín pákó kan sí èkejì, ó ní kí wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ há a.

Mo bi í pé kí ni igi yẹn wà fún. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń rí i, mi ò bèèrè rí.

"Kí atẹ́gùn lè ráyè ni. Bí o bá to pákó mọ́ra pinpin, ìta á gbẹ, wàá máa yọ̀. Ọjọ́ tóo bá là á, inú ti jẹrà." Ó bu oúnjẹ sẹ́nu. "Kí ló dé tóo fi ń wò mí bẹ́ẹ̀?"

Mo ní kò sí. Ó ní ojú mi ti rù, pé bí ìdánwò yìí bá parí, a ó jọ sinmi, òun pẹ̀lú egbò òun, èmi pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí mi. Mo gbé abọ́ mo sì sá lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Òjò àkọ́kọ́. Ìdánwò ìdánrawò: mọ́kànlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún. Ìbéèrè tó jẹ mọ́ ìdì nìkan ni mo gbà láìṣì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Lónìí mo ṣe nǹkan kan. Mo dúró kí gbogbo wọn lọ jẹun, mo di ìdì kan ṣoṣo bí Olùkọ́ ṣe ní ká máa dì í. Ìka méjì wọlé dáadáa. Mo dán an wò pẹ̀lú ẹlẹ́rìí kejì tó kù lọ́wọ́ mi: dúdú látòkè délẹ̀. Mo tún un dì, mo tún un sè, mo fi òwú pupa kan so ó létí, mo sì gbé e sí ìsàlẹ̀ pẹpẹ. Ti ọkọ mi nìyẹn. Lọ́jọ́ náà, ọwọ́ mi ni màá fi gbé e fún nọ́ọ̀sì.

Màá sùn dáadáa lálẹ́ yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti sùn bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ogúnjọ́

Ìyá ká mi mọ́ ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ìyàwó, kì í ṣe ìwé ló ń mú ọ rù báyìí. Ṣé ọmọ mi ṣẹ̀ ọ́ ni?"

Mo ní rárá, mà. Ó ní ta ló wá ṣẹ̀ ẹ́. Mo sunkún. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú mi bí ẹni ń nu ti ọmọ ọwọ́, kò tún bèèrè mọ́. Ká ní ó tún bèèrè ni, ǹ bá ti sọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Obìnrin kan dá mi dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Aránṣọ ni, okùn ìwọ̀n ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin mú, tí kò lè ju ọdún mẹ́wàá lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ̀ ń se irinṣẹ́. Ọmọ mi yìí ló máa kọ́kọ́ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ní ọkọ yín ló tẹ̀ lé e."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn. Mo ní bó bá jẹ́ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ọkọ wọn ni wọ́n máa fi ṣe ọmọ mi, kò séwu."

Ọmọ náà kí mi. Mo padà sí yàrá wa, mo wo pẹpẹ. Ìdì kan ní òwú pupa. Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ò ní. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo rò ó pé kí n tún di ìdì kan sí i fún ọmọ náà. Òwú pupa méjì. Ẹni tó tẹ̀ lé wọn ńkọ́? Ẹni ọjọ́rú ńkọ́? Ibo ni òwú yóò parí sí?

Mò ń bẹ̀rù ilé ìfọṣọ. Mò ń bẹ̀rù pé wọ́n á máa na ìka sí mi lójú ọ̀nà. Mò ń bẹ̀rù ojú Mẹ́tírónì. Mo kọ gbogbo wọn síbí kí n lè rí i bí wọ́n ṣe kéré tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ yẹn. Wọn ò kéré. Ọ̀la ni màá lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo gbé ìwé yìí lọ bẹ́ẹ̀. Mo já ẹlẹ́rìí náà kúrò lójú ewé rẹ̀ níwájú Mẹ́tírónì, mo fi lé e lọ́wọ́. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mi ò yọ òwú pupa sílẹ̀.

Kò pariwo. Ó gbé awò rẹ̀ wọ̀, ó yí ìwé pélébé náà síwá sẹ́yìn.

"Ọjọ́ wo lẹ ṣe èyí?"

"Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù tó kọjá, mà."

Ó ka kàlẹ́ńdà ara ògiri pẹ̀lú ìka rẹ̀. Ó jókòó.

"Ọdún mẹ́rìndínlógún yẹn, mo lè bá yín pín in. Èmi ni ọ̀gá yín, mi ò ra ẹlẹ́rìí kankan, mi ò sì bèèrè. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ márùn-ún yìí, ẹ̀yin nìkan lẹ ni ín."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ó gbé fóònù. Ó dá gbogbo iṣẹ́ abẹ ọ̀la àti ti ọ̀sẹ̀ yìí dúró, ó ní kí wọ́n gbé àwọn tí tiwọn ò lè dúró lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo ìdì kúrò lórí pẹpẹ, kí wọ́n tú u, kí wọ́n ra ẹlẹ́rìí sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tún un sè. Ó ní dókítà á wo ìwé àwọn tí egbò wọn ti kọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èmi, mo lè ṣe ìdánwò mi, kò ní dí mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n yóò kọ ohun gbogbo ránṣẹ́ sí ìjọba, ibi iṣẹ́ mi sì di ilé ìfọṣọ títí wọ́n á fi dáhùn.

Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ó pè mí padà. "Ẹ jókòó díẹ̀ kí ẹ tó jáde. Ojú yín ò dáa."

Ọjọ́rú, ọgbọ̀njọ́

Wọ́n fún mi ní àárọ̀ kan ṣoṣo láti kọ́ Kò-sí-wàhálà ní bí a ṣe ń dì í. Gbogbo ohun tí mo fi ọdún méje kọ́ ọ, mo fẹ́ fi wákàtí mẹ́ta gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó ki ìka rẹ̀ wọlé. Ìka rẹ̀ tóbi, mo ní kó fi tèmi ṣe ìwọ̀n. Ó dì í, ó tú u, ó dì í. Kò sọ pé kò sí wàhálà, àní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Àǹtí," ló wí nígbà tó yá, "gbogbo ìdì yín tí mo tún dì le yẹn ńkọ́?"

Mo ní wọ́n ti tú wọn. Ó ní kì í ṣe àwọn tó wà lórí pẹpẹ lòun ń bèèrè, àwọn tí wọ́n ti lò fún aláìsàn ni. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a dúró báyìí, Ìkòkò ń hó lẹ́yìn wa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún

Ìdánwò. Ojú ewé méjìlá. Ìbéèrè karùn-ún ní kí ni ènìyàn yóò ṣe bó bá ṣí ìdì tó bá ẹlẹ́rìí ní funfun. Mo kọ ọ́ tán, mo tún kọ sísàlẹ̀ pé lọ́jọ́ náà gan-an ni kó ṣe é. Wọn ò bèèrè ìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ti ọwọ́. Wọ́n gbé irinṣẹ́ àti aṣọ kalẹ̀ níwájú mi, ọkùnrin àgbà kan dúró tì mí pẹ̀lú bírò. Orúnkún mi ti gbéra kí n tó mọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún! Mo gbé e padà sílẹ̀. Mo so ó, mo ki ìka méjì bọ̀ ọ́. Ọkùnrin náà ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó kọ nǹkan sílẹ̀, mi ò rí ohun tó kọ. Wọ́n ní èsì di ìparí oṣù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ

Wọ́n ti tún ọjọ́ ọkọ mi mú: ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Títí di òní, ohun tó mọ̀ ò ju pé ẹ̀rọ ní ìṣòro, pé wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìfọṣọ. Mo sọ ìyókù fún un nígbà tí a jókòó sẹ́yìnkùlé. Ó gbọ́ ti ìdì, ó mi orí. Ó gbọ́ ti ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó mí kanlẹ̀. Mo wá sọ ti òwú pupa.

Àwọn adìẹ aládùúgbò kọjá, wọ́n padà.

"Èmi nìkan?" ló wí.

"Ẹ̀yin nìkan."

"Mo dúpẹ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá má gbà láti wọ yàrá iṣẹ́ abẹ."

Mo ní ó ṣì lè lọ síbòmíràn, kò pẹ́ jù, ìjọba ò tíì dáhùn nípa mi, èmi ò sì sí nídìí Ìkòkò mọ́. Ó ní rárá, níbẹ̀ náà ni. Ó wọlé lọ jẹun. Kò fi pákó ṣe àwàdà kankan lálẹ́ yìí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá

Aago mẹ́jọ ni wọ́n mú ọmọ aránṣọ wọlé. Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni wọ́n wá mú ọkọ mi. Ó di ọwọ́ mi mú dé ẹnu ilẹ̀kùn tí mi ò gbọdọ̀ kọjá. Ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ìyá ọmọ náà. Mo padà sí ilé ìfọṣọ torí pé iṣẹ́ ni, mo sì ń ká aṣọ ibùsùn. Mo ká ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, igun rẹ̀ ò bára mu.

Láti inú ilé ìfọṣọ, ènìyàn ò lè gbọ́ nǹkan kan. Ọwọ́ ẹni tí mo kọ́ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ fún ọdún méje, tí mo sì tún un kọ́ fún wákàtí mẹ́ta, ni gbogbo rẹ̀ wà. Mò ń rò ó bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, bóyá ó yára, bóyá orúnkún rẹ̀ gbàgbé.

Ó kọjá aago kan kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Kò-sí-wàhálà ni, fìlà iṣẹ́ ṣì wà lórí rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpò.

"Ẹ wò ó fúnra yín, Àǹtí."

Ooru omi ti bo awò mi. Mo nù ún. Ìwé pélébé náà dúdú látòkè délẹ̀, kò sí funfun bó ti wù kó mọ.

"Ti ọkọ yín nìyẹn. Wọ́n ti ń rán ojú egbò rẹ̀."

"Ti ọmọ náà ńkọ́?"

Ó ki ọwọ́ bọ àpò kejì. Dúdú bákan náà. Mo jókòó sórí àpò aṣọ ìdọ̀tí, ó sì jókòó tì mí. Ó ní kí n tọ́jú méjèèjì. Mo ti lẹ̀ wọ́n mọ́ ojú ewé ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹta, níbi tí èyí tó funfun ti já kúrò. Ìyẹn wà nínú fáìlì Mẹ́tírónì, ìjọba ò tíì dáhùn.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ mi lajú. Ẹnu rẹ̀ ti gbẹ, mo fi omi tọ́ ọ létè. Ó wò mí bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé.

"Ṣé òwú pupa wà lára tèmi?"

"Rárá. Bíi ti gbogbo ènìyàn ni."

"Ó dáa," ló wí, ó sì padà sùn.